Ọ́ìlì mélòó sí bẹntiróòlù mélòó? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgéko

Bí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà, koríko kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé kó tó bo àgbàlá. Ìgbà yẹn la máa ń rántí ẹ̀rọ ìgéko tí a ti gbé jù sí kọ̀rọ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà. A ó gbé e jáde, a ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, a ó da epo tó bá wà nítòsí sí i, a ó sì máa fa okùn rẹ̀ títí apá yóò fi máa ro wá.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò lọ́wọ́ mi. Ọmọ àbúrò mi tó fẹ́ bá mi gé koríko rí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí a fi ń tan jẹnẹrétọ̀, ó sì bù nínú rẹ̀ sí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú, ó han gooro, ó sì dákẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ó fi písítìnì rẹ̀ hàn mí: ara rẹ̀ ti ha, àfi bíi pé ológbò fi èékánná ya á. Mi ò bá ọmọ náà wí. Èmi tí mo ra ẹ̀rọ ni mi ò sọ fún un pé kì í mu bẹntiróòlù lásán.

Láti ìgbà náà, mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ọ̀rọ̀ yìí sọ, ohun tí mo sì rí ni pé epo burúkú kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Àfojúdíwọ̀n ni. “Da ọmọrí ike kan sí i.” Ọmọrí ike wo? Ti omi, ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àbí ti ọ́ìlì fúnra rẹ̀? Kálukú ló ní ọmọrí tirẹ̀, ẹ́ńjìnì ló ń jẹ ìyà ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnì tó wà lọ́wọ́ yín

Ìdílé méjì ni àwọn ẹ́ńjìnì kékeré tó ń mu bẹntiróòlù: tú-sítírókì àti fóò-sítírókì. Fóò-sítírókì ní ilé ọ́ìlì tirẹ̀ nísàlẹ̀, bíi ti mọ́tò, bẹntiróòlù rẹ̀ sì dá wà nínú táǹkì. Tú-sítírókì kò ní ilé ọ́ìlì kankan. Inú ikùn ẹ́ńjìnì, níbi tí irin tó ń yí písítìnì wà, ni afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé òkè níbi tí wọ́n ti ń jóná. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo yẹn nìkan ló ń mú kí irin, bẹ́ríìnì, písítìnì àti ríìnì rẹ̀ máa yọ̀. Ẹni tó bá da bẹntiróòlù lásán sí i dà bí ẹni tó fún ènìyàn ní ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀: yóò gbé òkèlè mélòó kan mì, lẹ́yìn náà yóò há a lọ́fun.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ rèé. Ẹ wo ìdérí tó wà lára ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ ìdérí kan ṣoṣo ló wà, tí wọ́n ya àwòrán ike epo àti ẹ̀kán ọ́ìlì sí i, tàbí tí wọ́n kọ 25:1, 40:1 tàbí 50:1 sí ara rẹ̀, tú-sítírókì ni. Tó bá jẹ́ ìdérí méjì, tí ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì tó sì ní géèjì tí a fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì, fóò-sítírókì ni.

Ẹ̀rọ ìgégi ló máa ń da ojú ọ̀rọ̀ yìí rú. Òun náà ní ìdérí méjì, síbẹ̀ tú-sítírókì ni gbogbo èyí tó ń mu bẹntiróòlù nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ìdérí kejì yẹn wà fún ọ́ìlì tó ń mú kí ṣéènì tó ń gé igi máa yọ̀, kò kan inú ẹ́ńjìnì rárá. Mo ti rí ẹni tó kún ibẹ̀ dẹ́nu, tó wá da bẹntiróòlù lásán sí táǹkì epo, tó ní òun ṣáà ti da ọ́ìlì sí i.

Ní ti àwọn yòókù: ẹ̀rọ ìgéko tí à ń gbé kọ́ èjìká, tú-sítírókì ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n fóò-sítírókì náà wà, irú èyí tó ń lo ẹ́ńjìnì Honda GX35. Èyí tó ní táyà tí à ń tì lórí pápá, fóò-sítírókì ló wọ́pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará ìgboro sọ ní “I better pass my neighbour”, tú-sítírókì ni; àwọn tó tóbi jù ú lọ tó ń gbé fíríìjì, fóò-sítírókì ni. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ méjì lè wà nínú ilé kan kó jẹ́ pé epo wọn ò papọ̀.

Bẹntiróòlù fúnra rẹ̀

Ẹ rà á ní ilé epo tí ọkọ̀ ń wọlé tí ọkọ̀ ń jáde, torí epo ibẹ̀ kì í pẹ́ nínú táǹkì. Bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà fún mọ́tò náà ló tó. Ẹ ò nílò èyí tó gbówó lórí jù ú lọ kí koríko tó gé.

Ohun tó yẹ kó ká yín lára ju ilé epo lọ ni kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gbé lọ. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi ra dísẹ́ẹ̀lì rí, tàbí kẹrosíìnì, tàbí tí wọ́n fọ̀ tí omi rẹ̀ kò gbẹ, lè ba epo rere jẹ́. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún kan, kí ẹ má fi ṣe nǹkan mìíràn.

Tí ara bá fu yín sí epo kan, ìdánwò méjì wà tí kò náni lówó. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà tó bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ìgò ni ẹ ó ti rí i tó dá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀. Èkejì, ẹ kán ẹ̀kán kan sí orí bébà funfun, níta, níbi tí kò sí iná. Bẹntiróòlù yóò fẹ́ lọ láìpẹ́, bébà yóò sì gbẹ. Tí ojú ibẹ̀ bá ṣì ń dán bí ojú bébà tí wọ́n fi di àkàrà, kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì ti wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó po ọ́ìlì mọ́ ọn ni kí ẹ ṣe èyí, torí ọ́ìlì tí a pò náà yóò fi àmì sílẹ̀.

Àwọn ìdánwò yìí kò lè mú gbogbo nǹkan o. Ní February 2022, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo ní Nàìjíríà, kéde pé bẹntiróòlù kan tí methanol (irú ọtí kan) inú rẹ̀ ju èyí tí Nàìjíríà fàyè gbà ti wọ ọjà, wọ́n sì ní kí wọ́n kó o kúrò níta. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń jẹ rọ́bà. Kabúrétọ̀ ẹ̀rọ tí à ń gbé kọ́ èjìká ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú tó ń mí sókè sódò láti fa epo. Tí ìyẹn bá ti wú tàbí tó gan, ẹ̀rọ kò ní gba epo bó ṣe yẹ mọ́.

Ẹ̀yin tó ń gé koríko ẹ̀yìnkùlé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí láti September 2021 ni bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ti di E10, èyí tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tuntun ń gbà á. Èyí tó bá ti pẹ́, E5, tí ethanol inú rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún lọ, ni kí ẹ fún un. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe fọwọ́ kan páǹpù E15, tí ethanol rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fún ẹ́ńjìnì kékeré. Òfin ibẹ̀ ò gbà á.

Irú ọ́ìlì wo?

Ọ́ìlì tí wọ́n kọ 2T sí lára ni ẹ ń wá, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnì tú-sítírókì tó ń fi afẹ́fẹ́ tu ara rẹ̀. Lẹ́yìn ike rẹ̀, ẹ wá àmì JASO FC tàbí FD, tàbí API TC. FD ló mọ́ jù nínú wọn, èéfín rẹ̀ kéré, ẹ̀rọ kì í sì í tètè dọ̀tí.

Ẹ má fi ọ́ìlì mọ́tò bíi SAE 40 rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì fi 20W-50. Wọ́n ṣe ìwọ̀nyẹn láti máa gbé inú ẹ́ńjìnì fún oṣù mélòó kan láìjóná. 2T ni wọ́n ṣe kó jóná pẹ̀lú epo kó má fi èérú púpọ̀ sílẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò tó bá jóná níbẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì, yóò sì dí ojú sàlẹ́ńsà. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú kúrò nínú mọ́tò, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìyẹn. Ìyẹ̀pẹ̀ irin ló kún inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà ní Ẹ̀pẹ́, Makoko àti gbogbo etí ọ̀sà, ọ́ìlì tí ẹ fi ń po epo ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, kò yẹ fún ẹ̀rọ ìgéko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tú-sítírókì ni àwọn méjèèjì. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnì ojú omi lára, kì í gbóná bíi ti ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

50:1 túmọ̀ sí ìwọ̀n bẹntiróòlù àádọ́ta sí ìwọ̀n ọ́ìlì kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ́ìlì inú 50:1 pọ̀ ju ti 25:1 lọ, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀. Òdì kejì ni: 25:1 gba ọ́ìlì ìlọ́po méjì.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísìtì, kí ẹ ra síríǹjì 20 mililita. Kò sí ohun èlò tó rọrùn tó o. Lítà bẹntiróòlù kan:

ní 50:1 gba 20 mililita, ìyẹn síríǹjì kan;
ní 40:1 gba 25 mililita;
ní 25:1 gba 40 mililita, síríǹjì méjì.

Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin ní 50:1 gba síríǹjì mẹ́rin, lítà márùn-ún gba márùn-ún. Ọmọ tó mọ ení, èjì lè bá yín kà á. Ọ́ìlì nìkan ni kí ẹ máa fi síríǹjì náà fà. Bẹntiróòlù máa ń mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú. Kí ẹ sì so ó mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kó má di pé ẹnì kan mú un lọ fún aláìsàn lóògùn.

Nọ́ńbà wo ni tiyín? Èyí tó wà lára ẹ̀rọ tàbí nínú ìwé rẹ̀ ni. Ìwé Stihl, fún àpẹẹrẹ, ní 50:1 fún ọ́ìlì tiwọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ti Ṣáínà wá ní 25:1 tàbí 40:1, àwọn mìíràn sì ní kí ọ́ìlì pọ̀ díẹ̀ ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ṣì wà ní tuntun. Tí ohun tí ẹni tó tà á sọ bá ta ko ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ìdérí táǹkì, ìdérí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ó ti wá ku pípò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀, kí ẹni tó ń mu sìgá jìnnà, kí jẹnẹrétọ̀ má sì ṣiṣẹ́ nítòsí. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń fà nílẹ̀ títí yóò fi rí iná. Ẹ da ìdajì bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́. Ẹ fa ọ́ìlì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ dé e, kí ẹ mì ín dáadáa. Ẹ wá da bẹntiróòlù tó kù sí i, kí ẹ tún un mì. Tí ẹ bá kọ́kọ́ da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, yóò lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá sì dà á kẹ́yìn sí orí kẹ́ẹ̀gì tó kún, kò ní sí àyè láti mì ín.

Àwọ̀ búlúù, pupa tàbí àwọ̀ ewé máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọ́ìlì 2T kí ẹ lè fojú rí i pé epo náà ti ní ọ́ìlì nínú. Ẹ má fi ìyẹn nìkan mọ. Ẹ so àkísà pupa mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì epo pípò, kí gbogbo ilé mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àkísà yìí ni ì bá gba ẹ̀rọ mi là. Epo kò sì gbọdọ̀ wọ inú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé, torí ọmọdé.

Nígbà tí ẹ bá ń rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ

Ẹ tún kẹ́ẹ̀gì mì kí ẹ tó rọ ọ́, àní bó bá jẹ́ àárọ̀ ni ẹ pò ó. Tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ẹ fi aṣọ nu ẹnu táǹkì kí pàǹtírí koríko má bàa wọlé, ẹ fi àrọ tó ní asẹ́ rọ ọ́, kí ẹ má kún un dẹ́nu. Èyí tó bá ṣẹ́ sára ẹ̀rọ, ẹ nù ún kó gbẹ. Kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ rìn tó mítà mẹ́ta sí ibi tí ẹ ti rọ epo, kí ẹ tó fa okùn.

Fóò-sítírókì kò le rárá. Bẹntiróòlù lásán nínú táǹkì, ọ́ìlì nínú ilé rẹ̀, SAE 30 tàbí 10W-30 bí ìwé rẹ̀ bá ṣe sọ. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti wo géèjì, kí ẹ̀rọ má sì máa ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tí wọ́n ń gbà kò pọ̀: GX35 kékeré yẹn gba bí 100 mililita péré, GX160, ẹ́ńjìnì Honda tó tóbi jù ú lọ, gba bí 600. Èyí túmọ̀ sí pé ìwọ̀nba tó ṣòfò ti pọ̀ fún un, nítorí náà ẹ máa wo géèjì kí ẹ tó tan án nígbàkigbà. Ní ti GX160, wákàtí ogún àkọ́kọ́ ni ẹ ó pààrọ̀ ọ́ìlì, lẹ́yìn náà ó di ọgọ́rùn-ún wákàtí tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.

Ẹ ka ojú púlọ́ọ̀gì

Lẹ́yìn táǹkì mélòó kan, ẹ tú púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù. Tí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí ara ẹ̀pà sísun, ara rẹ̀ le. Tó bá dú tó sì tutù fún ọ́ìlì, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì ti pọ̀ jù, tàbí kí fítà afẹ́fẹ́ ti dí. Tó bá funfun bí eérú, ooru ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ti ju epo lọ. Ẹ dá iṣẹ́ dúró kí mẹkáníìkì wò ó. Èéfín díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó ń bo gbogbo àdúgbò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ wò dáadáa. Ẹ má sì tìtorí epo tí ẹ pò ní ìpòkupò máa yí ìdè ara kabúrétọ̀ kiri. Ẹ tún epo pò ná.

Tí iṣẹ́ bá parí

Epo pípò kì í ṣe ọtí tó ń dára sí i bó ṣe ń pẹ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ fún un. Bí ó ti ń pẹ́, ohun tó fúyẹ́ nínú bẹntiróòlù ń fẹ́ lọ, èyí tó kù ń di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi nínú ihò tóótòòtó kabúrétọ̀. Láti May 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, kò sẹ́ni tó fẹ́ da bẹntiróòlù nù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń po lítà kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, èyí tí mo máa lò tán. Bẹntiróòlù tí ẹ ò tíì po ọ́ìlì mọ́, tó ti pé oṣù kan, ẹ dà á sí táǹkì mọ́tò tí epo ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ẹ tú epo inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ tan án kó jó èyí tó kù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti ṣe èyí, kì í ṣe nínú ilé, torí èéfín rẹ̀ ń pani.

Ẹ̀yin tó ń fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Páǹpù ọwọ́ oníke kékeré wà lọ́jà. Bẹntiróòlù tó bá ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró léwu ju èyí tó wọ ikùn lọ, ìdí nìyẹn tí fífún ẹni tó gbé e mì ní epo pupa mu kó lè bì fi burú: bíbì náà ló ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Tí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀

Bẹntiróòlù lásán wọ tú-sítírókì: ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ tú gbogbo epo náà, ẹ rọ èyí tí ẹ pò dáadáa sí i. Kí ẹ tó tan án, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ rọra fa okùn. Tó bá ń yí wẹ́rẹ́, ẹ lè tan án, kí ẹ jẹ́ kó rọra ṣiṣẹ́ ná. Tó bá ń há, tàbí tó ń ké bí ìgbà tí irin ń ha irin, ẹ má fagbára fà á. Mẹkáníìkì ló kàn.

Epo pípò wọ fóò-sítírókì: kò sí wàhálà ńlá. Yóò rú èéfín díẹ̀. Ẹ tú u, ẹ rọ bẹntiróòlù lásán sí i, kí ẹ nu púlọ́ọ̀gì bó bá dọ̀tí.

Dísẹ́ẹ̀lì tàbí kẹrosíìnì wọ èyíkéyìí nínú wọn: ẹ má tan án. Ẹ tú táǹkì, ẹ fi bẹntiróòlù díẹ̀ ṣàn án, ẹ tú ìyẹn náà, ẹ nu púlọ́ọ̀gì kó gbẹ. Tí ẹ bá ti tan án kí ẹ tó mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ kabúrétọ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì pààrọ̀ fítà kékeré tó wà ní orí rọ́bà inú táǹkì.